Àgúnmu Ẹja Màmá Fumi

Ẹjọ́ kan dé iwájú Baálẹ̀ Sekihara lánàá, ní abúlé wa lórí òkè Niigata níbí. Èmi ni mò ń bu tíì fún àwọn àgbà tó ń bá a dá ẹjọ́, gbogbo tíì náà ló tutù sínú ife.

Màmá Fumi Kuwabara ló pe ẹjọ́. Opó ni. Ẹja ọ̀ṣọ́ kan, funfun alámì pupa, ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Teiji Hoshino, aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà ń sin ẹja, ló pè lẹ́jọ́.

"Ọmọbìnrin mi bímọ ní Nagaoka, mo lọ bá a wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Fumi wí. "Mo fi ẹja mi sílẹ̀ nínú adágún mi, mo ní kí ọkùnrin yìí máa bá mi bọ́ ọ. Ara ẹja náà ò yá. Mo fún Teiji ní ìgò àgúnmu kan, àwọn kòkòrò rere tí ojú ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń tún inú ẹja ṣe kó lè jẹun, kó sì dàgbà. Ṣíbí kan ni mo ní kó máa pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí mo dé, ìgò ti ṣófo, ẹja mi ti rù kan egungun."

Baálẹ̀ yíjú sí Teiji. "Kí lo rí sí i?"

"Mo jẹ ẹ́ ni, Baálẹ̀."

"O jẹ kí ni?"

"Àgúnmu náà. Ṣé ọmọlúàbí á gbé oúnjẹ tí kò tọ́ wò fún ẹja ẹlòmíràn? Mo tọ́ ọ wò. Inú tó ti ń run mí láti ọdún mọ́kànlá bá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ yè, èèyàn ni àbí ẹja?"

Àgbà kan fọwọ́ bo ẹnu. Òmíràn béèrè bó ṣe ń jẹ ẹ́. Teiji ní inú ọbẹ̀ ni.

Wọ́n pe Sayo, ìyàwó rẹ̀.

"Òótọ́ ló ń jẹ ẹ́. Orí ìrẹsì ló máa ń bù ú sí."

"Ọbẹ̀ ni ọkọ rẹ wí," ni Baálẹ̀ sọ.

"Ọbẹ̀ náà ni. Mo gbàgbé."

"Inú rẹ̀ ò sì run ún mọ́?"

"Rárá o. Àárọ̀ yìí nìkan ló ní kí n bá òun wá oògùn inú rírun."

Ó kan Maruyama tó ń ta oúnjẹ ẹja. "Mo rí Teiji tó ń da àgúnmu náà sómi. Mo ní aládùúgbò rere nìyí."

"Omi wo?" ni Fumi bi í.

"Adágún tó wà lẹ́yìnkùlé."

"Ẹ̀yìnkùlé ta?"

Maruyama wo Teiji, ó wolẹ̀. "Ti Teiji kúkú ni."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé àgúnmu tuntun wá, kí wọ́n pò ó mọ́ ìdin kòkòrò tó ń hun òwú sílíìkì, èyí tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀, bí ẹja ṣe ń jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. "Teiji, jẹ ẹ́ lójú wa, kí ẹjọ́ parí."

Teiji gbé ṣíbí, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹja mi ni mo fún," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń gbé ẹja lọ síbi ìdíje ẹwà ẹja. Ọkọ Fumi ló ń gba ipò kìn-ín-ní lọ́dọọdún. Ó kú tán, ẹja rẹ̀ ṣì tún ń gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

Fumi yíjú sí i. "Ọkọ mi máa ń sọ pé ní gbogbo òkè yìí, ìwọ nìkan lo mọ ẹja."

Teiji ò lè gbójú sókè.

Baálẹ̀ wá dájọ́. "Ẹja Teiji á lọ bá ti Fumi nínú adágún kan náà. Lọ́jọ́ ìdíje, orúkọ olóògbé ni ẹja méjèèjì á jẹ́, Teiji ni yóò sì gbé wọn lọ. Títí ẹran yóò fi padà sára ẹja Fumi, ìwọ Teiji ni wàá máa fọwọ́ bọ́ ọ láràárọ̀. Níwọ̀n bí ọmọlúàbí ti í tọ́ oúnjẹ wò, wàá máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Pẹ̀lú ìdin?" ni àgbà kan bi í.

"Ìdin lọ́pọ̀lọpọ̀."

Mo gba ẹ̀bá adágún Fumi kọjá láàárọ̀ yìí. Teiji lóṣòó sétí adágún, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Fumi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja náà rọra gòkè wá, ó ya ẹnu, ó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó jẹun, Fumi," ni Teiji wí. Ó ti gbàgbé pé oúnjẹ náà ṣì wà lẹ́nu òun.