Lójoojúmọ́ ni Bàbá Alága Fẹ́ Ẹ

Abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Williamsbridge, ní Bronx, ọ̀sán Sátidé kan tí Jánúárì ń parí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí, alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì náà ti ní àga, jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn. Sístà Florence, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ń to àwọn yòókù. Nígbàkígbà tí rélùwéè bá gba orí afárá kọjá níta, bàbá á dákẹ́, torí kò fẹ́ bá ohunkóhun du ohùn.

OLÚSÀNMÍ: Florence, fi àga sílẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lọ́dún yìí, a ò ní ṣe ayẹyẹ Oṣù Ìtàn Aláwọ̀ Dúdú mọ́.

FLORENCE: (ó ṣì gbé àga dání) Ẹ̀n, Dádì. Kí ló ṣe é?

OLÚSÀNMÍ: Kò sóhun tó ṣe é. Ìgbà rẹ̀ ló kọjá. Ṣé o rí awọ ara mi yìí?

FLORENCE: Mo rí i, sà. Ó ń dán.

OLÚSÀNMÍ: Tí Fẹ́búárì bá parí, ṣé mo máa ń bọ́ ọ fi kọ́ ìṣó ni?

FLORENCE: Rárá o, sà. Òtútù Máàṣì á pa yín.

OLÚSÀNMÍ: O wá rí i. Èèyàn dúdú látọdún dọ́dún, wọ́n wá bu oṣù kan fún un, èyí tó tún kúrú jù nínú gbogbo oṣù. Ìwọ̀sí ni. Ìtàn kì í ṣe àlejò tí à ń gbálẹ̀ dè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lójoojúmọ́ ló yẹ ká máa rántí rẹ̀.

FLORENCE: Lójoojúmọ́.

OLÚSÀNMÍ: Lójoojúmọ́. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

(Florence gbé àga sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó fa fóònù yọ.)

FLORENCE: Dádì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mọ́ńdè ńkọ́?

OLÚSÀNMÍ: Kí ló ṣe Mọ́ńdè?

FLORENCE: Tó bá ti jẹ́ lójoojúmọ́, ká kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Tí ẹ bá jáde níbi iṣẹ́, ẹ yà síbí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sórí WhatsApp ìjọ pé Dádì Alága ti sọ ọ́ di ojoojúmọ́.

OLÚSÀNMÍ: Dúró ná. Mo fẹ́ lọ rí dókítà eyín ní Mọ́ńdè.

FLORENCE: Túsìdeè, sà.

OLÚSÀNMÍ: Túsìdeè ni mo máa ń lọ fọṣọ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni èèyàn máa ń rí ẹ̀rọ tó ṣófo.

FLORENCE: Wẹ́sìdeè.

OLÚSÀNMÍ: Ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ṣé o fẹ́ kí n fi Mósè sílẹ̀?

FLORENCE: Ká má rí i, sà. Tọ́sìdeè?

OLÚSÀNMÍ: Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní Tọ́sìdeè.

FLORENCE: Àwọn wo ló ń gbá a?

OLÚSÀNMÍ: Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Tí mo bá jókòó wò wọ́n, ìtàn ni mò ń wò yẹn.

FLORENCE: Ó ku Fúráìdè.

OLÚSÀNMÍ: Florence. Lójoojúmọ́ tí mo wí yẹn, inú ọkàn ni.

FLORENCE: Ẹ̀n-ẹ́n. Inú ọkàn. Ọ̀rọ̀ kì í tètè yé mi, ẹ má bínú. Lánàá ńkọ́, sà? Kí lẹ rántí lánàá?

(Olúsànmí wo òrùlé. Rélùwéè kan kọjá, ó pẹ́ kó tó kọjá tán, ojú bàbá sì fi hàn pé ó wù ú kó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

OLÚSÀNMÍ: Ọwọ́ mi dí lánàá. Àti pé, jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ìtàn ta ni? Ìtàn àwọn ará ibí ni. Wọn ò ta àwa lẹ́rú.

FLORENCE: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò tà wá.

OLÚSÀNMÍ: Wọn ò ta bàbá mi. Wọn ò ta bàbá tó bí bàbá mi.

FLORENCE: Wọn ò tà wọ́n, sà. Ta ló wá ta tàwọn ará ibí?

OLÚSÀNMÍ: (ó wúkọ́) Ooru ẹ̀rọ amúlémóoru yẹn ti pọ̀ jù. Bá mi pa á.

FLORENCE: A ò tíì tàn án, sà.

(Olúsànmí tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ kan. Ó tún un dè.)

FLORENCE: Ẹ jẹ́ kí n béèrè, Dádì. Ṣé kì í ṣe torí àwọn àlejò tó dìde lọ kí ayẹyẹ tó parí lọ́dún tó kọjá ni?

OLÚSÀNMÍ: Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Èèyàn pè ọ́ sóde, o jẹun, o mu, alága wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìparí, o dìde.

FLORENCE: Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀, sà.

OLÚSÀNMÍ: Ilẹ̀ wo ló ṣú? Ètò tó gún régé ni. Orí ni mo mọ̀ ọ́n sí. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ìfìdíkalẹ̀ alága. Ìfìdíkalẹ̀ ìyàwó alága. Ìfìdíkalẹ̀ Bàbá Ìsàlẹ̀ àti Ìyá Ìsàlẹ̀. Ìfìdíkalẹ̀ àwọn tó ń jókòó sí tábìlì gíga, àtàwọn tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ tí àyè ò gbà. Ìtàn ìgbésí ayé alága. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ alága. Gígé àkàrà òyìnbó. Jọ̀lọ́ọ̀fù. Pínpín ẹ̀bùn.

FLORENCE: Abọ́ oníke tí fọ́tò yín wà lára rẹ̀. Mo ṣì ń fi tèmi wọn ìrẹsì.

OLÚSÀNMÍ: (inú rẹ̀ dùn) Fọ́tò náà ò tíì ṣí?

FLORENCE: Imú nìkan ló ti lọ, sà. Ibo ni ìtàn aláwọ̀ dúdú wá wà nínú ètò yẹn?

OLÚSÀNMÍ: Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìparí alága. Wọn ò dúró dè é.

FLORENCE: Màmá Joanna dúró.

OLÚSÀNMÍ: Joanna wo? Onílé mi àtijọ́?

FLORENCE: Àwọn ni. Aláwọ̀ dúdú ará ibí gan-an ni wọ́n, wọ́n sì ti múra ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ. Àwa fi wọ́n ṣe Ìyá Ọjọ́. A gbé wọn sí tábìlì gíga, a wé gèlè fún wọn tí wọn ò fi ríran mọ́, à ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n bá lanu báyìí, ẹnì kan á ti gbé ẹran síwájú wọn. A bọlá fún wọn títí wọn ò fi ráyè sọ nǹkan kan.

OLÚSÀNMÍ: A kì í bọlá fún àgbà jù.

FLORENCE: Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ wọ́n ti ta ilé wọn. Tí Fẹ́búárì bá ti parí, ọmọ wọn ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Georgia. Èmi ni mo sì lọ ṣèlérí pé lọ́tẹ̀ yìí a ó gbọ́ wọn kí wọ́n tó lọ. N ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò wọ́n.

OLÚSÀNMÍ: Kí ló tún fẹ́ sọ? Abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ni mo gbé lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Kò sí ìtàn obìnrin yẹn tí mi ò mọ̀. Kì í fẹ́ kí èèyàn dín ẹja. Yàrá tó fún mi ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, torí ó kan pákó mọ́ fèrèsé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin rẹ̀ ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ pákó yẹn.

FLORENCE: Ṣé ẹ bi wọ́n pé kí ló gbé pákó débẹ̀?

OLÚSÀNMÍ: Ahun ni mo pè é. Mo ní kò fẹ́ ra gíláàsì ni.

FLORENCE: Wọ́n ní òkúta ló gbabẹ̀ wọlé, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn àti ọkọ wọn kó débẹ̀. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú kankan ní òpópó yẹn nígbà náà.

(Olúsànmí fi ẹ̀yìn àga sílẹ̀, ó na ọrùn síwájú.)

OLÚSÀNMÍ: Òkúta? Sí yàrá mi?

FLORENCE: Ẹ ò tíì dé Amẹ́ríkà, sà.

OLÚSÀNMÍ: Ta ló jù ú?

FLORENCE: Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kàn ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni náà gan-an ló wá kan ilẹ̀kùn.

OLÚSÀNMÍ: Ẹni tó ju òkúta? Ó wá ṣe kí ni?

FLORENCE: N ò mọ̀, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ní ó di ọjọ́ ayẹyẹ.

OLÚSÀNMÍ: Bá mi pè é lórí fóònù.

FLORENCE: Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

OLÚSÀNMÍ: Èmi á yà síbẹ̀ fúnra mi ní Mọ́ńdè.

FLORENCE: Eyín yín ńkọ́?

OLÚSÀNMÍ: Eyín yóò dúró.

FLORENCE: Wọn ò ní sọ ọ́, sà. Ojú gbogbo ìjọ ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ sí, kí àwọn ọmọ wa náà gbọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ti gbé inú yàrá yẹn rí, ó ń kùn sí pákó láti àárọ̀ dalẹ́, kò béèrè.

(Rélùwéè kọjá. Bàbá fẹ̀yìn ti àga padà.)

OLÚSÀNMÍ: Ó dáa. Ẹ mú ọjọ́ kan.

FLORENCE: Háà, Dádì. Ojoojúmọ́ lẹ ní. N ò lè já ọ̀rọ̀ àgbà walẹ̀ báyẹn.

OLÚSÀNMÍ: Ọ̀sẹ̀ kan.

FLORENCE: Ẹ fi kún un.

OLÚSÀNMÍ: Ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ fi Tọ́sìdeè mi sílẹ̀ fún mi.

FLORENCE: Ojoojúmọ́ ló di ọ̀sẹ̀ méjì yìí, sà? Tí àwọn tó ti kú bá gbọ́, wọ́n á ní a tan àwọn. Ẹ gbé e dé ibi tí ẹ fẹ́ gbé e dé, kí n lè sọ pé mo gbà.

OLÚSÀNMÍ: (ó fi ọwọ́ nu iwájú orí) Oṣù kan. Oṣù kan gbáko. Agbára mi ò gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ.

FLORENCE: Oṣù wo, sà?

OLÚSÀNMÍ: (ohùn rẹ̀ wálẹ̀) Èyí tó kúrú jù.

FLORENCE: Fẹ́búárì nìyẹn. Ẹ ṣeun, Dádì. Ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n.

OLÚSÀNMÍ: Tí wọ́n bá ti fìdí mi kalẹ̀ tán, kó bọ́ síwájú kó sọ̀rọ̀.

FLORENCE: Màmá ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, sà. Kí gèlè tó dé, kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó dé.

OLÚSÀNMÍ: Kí n tó jókòó?

FLORENCE: Ẹ lè jókòó. Ẹ kàn jókòó bí gbogbo èèyàn ṣe ń jókòó ni, kí ẹnikẹ́ni má fìdí yín kalẹ̀.

OLÚSÀNMÍ: Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ alága ńkọ́? Ìtàn ìgbésí ayé alága? Florence, ọ̀rọ̀ ìparí alága ńkọ́?

(Florence gbé àga kan tó dáa jù nínú àwọn àga náà lọ síwájú pátápátá, ó gbé e kalẹ̀ sí àárín fún Màmá Joanna, ó fi ọwọ́ gbọn eruku rẹ̀.)

FLORENCE: Dádì, lójoojúmọ́ lẹ jẹ́ alága. Kí la tún fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un ṣe?