Èrò Ìwòran Tó Dé Fìlà Ewé Kókò

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fún ara yín láyè; èmi tí mo fẹ́ sọ̀tàn ti gba ìjókòó ẹni méjì. Igbó kan wà lókè òkun, wọ́n ní Mẹ́ríkà lorúkọ rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá kìnnìún ń gbé ibẹ̀. N kò débẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Kìnnìún ló jọba igbó náà. Wọ́n ní eré bọ́ọ̀lù kan: bọ́ọ̀lù ọ̀hún rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹni tó bá sì gbé e ni gbogbo ayé ń wó lù. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí iṣu ti wọlé, tí ikùn kún, tí ẹsẹ̀ kò rí ibi lọ. Ẹfọ̀n a wá, ẹ̀lírí a wá. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kálukú a gba oko rẹ̀ lọ, àárò eré náà a sì máa sọ wọ́n títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi dé.

Ìkookò, Olórí Eré ọba, wo ìdùnnú yìí, ó rí i bí ẹran tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kàn. Ó wọ ìgbìmọ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi gbálẹ̀, ó ní kí wọ́n tún máa ṣe eré náà nígbà àkọ́rọ̀ òjò.

Òòrẹ̀, ìyá àgbẹ̀ tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn tó tún ní in lẹ́nu, ní wọ́n dán irú rẹ̀ wò nígbà ayé baba ọba. Ọjọ́ kìíní, pápá kún. Ọjọ́ kejì, ó ku àwọn aya agbábọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kẹta, àwọn aya náà lọ gbin àgbàdo.

“Kábíyèsí,” ni Òòrẹ̀ wí, “oyin dùn, a kì í fi wẹ̀.”

Ìkookò rẹ́rìn-ín bí àṣà ìran rẹ̀. “Ìyá, àwọn ará ìgbà yẹn ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kábíyèsí, bí pápá kò bá kún lọ́jọ́ kẹta, ẹ bó awọ mi, kí ẹ máa fi nusẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ awọ yẹn ló dùn mọ́ ọba. Ó gbà.

Lọ́jọ́ kìíní, Ìkookò pín ẹ̀pà sísun lẹ́nu ọ̀nà, pápá kún fọ́fọ́. Wọ́n jẹ ẹ̀pà tán, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n lọ wá ọkọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, Ìgbín nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, òun náà kò wá wòran. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń jáde lọ sílé.

Awọ Ìkookò bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó jí lọ sí òdìkejì pápá, níbi tí òkìtì ọ̀gán pọ̀ sí, ó fi ewé kókò dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní fìlà. Ojú Kìnnìún ti ń ṣú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọba pé kò ríran?

“Èrò yìí mà pọ̀ o,” ni ọba wí. “Wọ́n sì lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan kò wúkọ́.”

Àwọn ìjòyè ní lóòótọ́, ẹnì kan kò wúkọ́. Ọba bi Òòrẹ̀ léèrè ohun tóun náà rí.

“Irú èrò yìí kì í tètè lọ sílé, Kábíyèsí.”

Inú ọba dùn. Ó dìde, ó kí àwọn ọ̀gán títí, ó yìn wọ́n fún sùúrù wọn, ó sì dín owó orí wọn kù, ohun tí kò ṣe fún ẹlẹ́mìí kankan rí. Ẹnu ọ̀rọ̀ náà ló wà tí àkọ́rọ̀ òjò fi dé, tó rọ̀ díẹ̀, tó dá. Oòrùn yọ. Ni àtàrí àwọn òǹwòran bá là, èsúnsún sì ń tú jáde lábẹ́ fìlà.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ju bọ́ọ̀lù nù. Àwọn ìjòyè ṣí fìlà orí wọn, wọ́n fi ń gbọ́n èsúnsún. Àwọn tó wà lóko rí ìyẹ́ lójú ọ̀run, wọ́n sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ya wọ pápá, ó kún ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ. Èsúnsún kan bà sí ètè Kìnnìún. Ó jẹ ẹ́. Ó tún wá òmíràn.

Ìkookò fi ọwọ́ méjèèjì di awọ rẹ̀ mú.

“Kábíyèsí,” ni Òòrẹ̀ wí, “ṣé ká bó o báyìí, àbí ká jẹun tán?”

Ọba ronú. Bí wọ́n bá bó Ìkookò, gbogbo igbó ni yóò béèrè ẹni tí ọba ń kí láti àárọ̀.

“Ṣé pápá kún, àbí kò kún?”

“Ó kún,” ni gbogbo wọn wí, tìyẹ́tìyẹ́ lẹ́nu.

“A ó máa ṣe é lọ́dọọdún.”

Nígbà tí àmọ́dún dé, kò sẹ́ni tó pẹ́. Wọ́n gbé abọ́ wá, wọ́n tẹjú mọ́ òkìtì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wà láàárín wọn, wọ́n gbé abọ́ tiwọn náà dání. Bọ́ọ̀lù wà láàárín pápá níbi tí wọ́n jù ú sí lọ́dún tó kọjá. Ìgbín nìkan ló ń lọ wò ó, kò sì tíì débẹ̀.