Kọ̀ǹpútà Tí Mo Yàn Bí Ẹni Yan Iṣu

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi lọ bá àwọn baba mi: ọjọ́ tí èmi, ẹni tí ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí mo sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, dúró níwájú gbogbo ìjọ, tí gbólóhùn kan sì gé mọ́ mi lẹ́nu bí okùn tó já sínú kànga. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ayé ló ṣe mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gún un, ó sì kúnná bí iyán.

Ìjọ wa, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìtapàjí, ń ṣe àjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní kí n wá ka ìtàn bí àwọn baba wa ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run náà, nítorí pé ọdún mẹ́fà ni mo fi kó ìtàn ọ̀hún jọ lẹ́nu àwọn àgbà, tí mo sì kọ ọ́ kún ìwé àjákọ méje. Mojísọ́lá, ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ni ó yá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fi bá mi tẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìpàdé ètò, Baba Ìjọ wa, ẹni tí èmi àti rẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

“Tíṣà,” ni ó wí, “ìwé kì í kú.”

Mo dá a lóhùn pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Mo ní láti ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká tèmi gan-an ni n ó ti kà á, kí àwọn àlejò tí ń bọ̀ láti Ọ̀tùn àti Ìdó lè mọ̀ pé ìlú wa ní ọ̀mọ̀wé. Gbogbo ìpàdé gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí n kò sọ fún wọn ni pé n kò tíì ní kọ̀ǹpútà kankan.

Méjì ni mo pinnu láti rà: ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún Mojísọ́lá, tí mo ti ṣèlérí fún tipẹ́. Ọmọ náà rọra bẹ̀ mí pé kí tòun jẹ́ èyí tí yóò ṣe iṣẹ́ kíláàsì, tí yóò sì lè gbé géèmù, nítorí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá géèmù. Bí mo ti gbọ́ géèmù ni mo wú ikọ́. Mo wàásù fún un nípa ìwà ọ̀lẹ àti òpin rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù níwájú rẹ̀. Ní ọkàn mi, mo pinnu pé èyí tí n ó rà fún un, bí a bá tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò ní lè ṣe géèmù.

Ó ní ìdánwò ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ rajà, nítorí náà ó kọ ìbéèrè sórí ìwé pélébé kan fún mi. Wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ ń lò bí kò bá sí iná? Báwo ni ó ṣe wúwo tó nínú báàgì? Báwo ni ráàmù rẹ̀ ti tó, èyíinì àyè tí ẹ̀rọ náà ń tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí? Ṣé ó ní káàdì àwòrán ńlá? Ó sì fi kún un pé, “Bàbá àgbà, ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù ló nílò káàdì ńlá yẹn. Ó ń jẹ iná, ó sì máa ń gbóná. Ẹ̀yin kò nílò rẹ̀.” Mo ká ìwé náà, mo fi í sínú àpò bùbá mi. Inú àpò náà ni ó wà títí ìyàwó mi fi fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ilé ìtajà tí mo wọ̀ ní Ọ̀yẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí. Ó fún mi ní àga, ó pè mí ní Dádì, ó sì béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Ìbéèrè yìí dùn mí. Ṣé irú mi ni a ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ńláńlá ni. Mo sì dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi láti yan iṣu ní ọjà Ayébọ́dẹ: mo ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, mo ń wọn bí wọ́n ṣe wúwo sí, mo sì ń fi ìka kan ẹ̀yìn wọn kó, kó, kó. Ọmọ Èkìtì kan kì í gbé iṣu tó fúyẹ́ lọ sílé. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ mí ní ọrùn ọwọ́, tó dúdú, tó nípọn, tí etí rẹ̀ rí ṣóńṣó, òun ni mo gbé sí àyà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà họ orí. “Dádì, èyí máa ń jẹ iná gan-an o.”

“Èmi náà ń jẹ iyán,” ni mo dá a lóhùn. “Ohun tí kò bá jẹun, ta ló ń bá a ṣiṣẹ́?”

Fún Mojísọ́lá, mo mú èyí tó fúyẹ́ jù, pẹlẹbẹ bí ìwé orin. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà bóyá ó lè ṣe géèmù. Ó ní àfi àwọn kéékèèké. Mo ní ó tó. Ó wò mí bí ẹni tó rí àgbàlagbà tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó bá mi dì wọ́n.

Nígbà tí Mojísọ́lá dé ilé lópin ọ̀sẹ̀, ó wo tèmi, ó wo tirẹ̀, ó gé ètè jẹ. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó béèrè bóyá mo bi wọ́n ní ohun tí òun kọ. Mo ní mo bi wọ́n ní gbogbo ohun tó yẹ. Ó kó ìtàn mi sínú tèmi, ó sì tọrọ ààyè láti fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú tirẹ̀. Mo rò pé àìgbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbà fún un.

Bí mo ti tan ẹ̀rọ mi, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ yọ iná pupa, àwọ̀ ewé àti aró, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò, ó ní, “Bàbá Délé, ṣé Kérésì ti dé ni?” Mo gbé e lé itan. Kò pẹ́ tí mo fi gbé e kúrò, nítorí pé ó gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àdògán. Fáànù inú rẹ̀ sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣájà rẹ̀ tóbi tó bíríkì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó o.

Níhìn-ín ni mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Géèmù kan wà nínú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti fi dán agbára rẹ̀ wò. Ọkọ̀ pupa kan ni a ń wà lórí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Mo tún ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹrin, mo ti kúrò lẹ́ni tó ń ṣèèṣì. Dípò kí n máa ka ìtàn mi sókè láti fi múra sílẹ̀, ṣe ni mo ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí mo ń tẹ̀ sósì lórí àga, bí ọkọ̀ ṣe ń yà. Mo sọ fún ẹ̀rí ọkàn mi pé mo ń kọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Ọjọ́ àjọyọ̀ dé. Mo tètè dé, wọn kò sì tíì ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngán, ni mo bá jókòó sínú ọkọ̀ mi lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní kí n wa ọkọ̀ pupa náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ara mi lè balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà gùn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, mo kàn pa ojú kọ̀ǹpútà náà dé ni, mo gbé e wọlé.

Gbọ̀ngán kún. Iná ìlú ti lọ; jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló ń gbé makirofóònù àti àwọn fáànù òkè àjà. Mo tún agbádá mi ṣe, mo gbé ẹ̀rọ lé tábìlì níwájú makirofóònù, mo sì ṣí i. Ariwo ẹ́ńjìnnì bú jáde, táyà han bí ọkọ̀ ti ń yà, gbogbo gbọ̀ngán sì gbọ́ ọ. Baba Ìjọ yí ọrùn wo ẹnu ọ̀nà.

“Tíṣà, ta ní ń wakọ̀ bọ̀ wá bá wa nínú ilé?”

Ní ìlà kẹta, Mojísọ́lá fi ìwé orin bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo rí ìtàn mi nígbẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni àkọlé kan yọ lójú ẹ̀rọ pé bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. N kò bẹ̀rù. Ṣe bí ṣájà wà lọ́wọ́ mi? Mo ki ṣájà náà bọ ojú iná tó wà lára ògiri. Jẹnẹrétọ̀ tó wà níta wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí a gbé ẹrù ẹlòmíràn lé lórí, ó sì dákẹ́. Makirofóònù kú. Fáànù òkè àjà rọra ń yí, wọ́n sì dúró. Àwọn àlejò láti Ọ̀tùn àti Ìdó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Mo gbé ohùn sókè, mo ń kà lọ, nítorí pé ibi tó dùn jù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ tí àwọn baba wa fẹ́ lọ gé igi àkọ́kọ́ tí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì: “Nígbà tí wọ́n rò pé òjò ti dá, àwọn baba wa dìde bí ọkùnrin, wọ́n sì…”

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù.

Ìwé àjákọ méjèèje wà nílé, nínú àpótí, lábẹ́ àgádágodo. Orí mi náà ṣófo: ọkọ̀ pupa ti gba ibi tí ìtàn yẹ kó wà. Òógùn ń bọ́ sílẹ̀ láti imú mi sórí ẹ̀rọ tó wúwo yìí. Gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́fà já sófo níwájú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

“Wọ́n sì kí ni?” ni Baba Ìjọ béèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Mojísọ́lá ti dìde. Ó gba àárín gbọ̀ngán bọ̀, ó fa ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà yọ nínú báàgì, èyí tí mo rà láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ó ṣí i, ó wá ojú ibi tí mo dé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró fún mi bí ẹni gbé Bíbélì fún bíṣọ́ọ̀bù. Mo nu ojú, mo kà á: “…wọ́n sì tún jókòó, nítorí pé òjò náà kò tíì dá tán.”

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngán náà, àwọn baba wa gbọ́ ọ lọ́run. Mo ka ìyókù láìsí makirofóònù, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti ẹ̀yìn pápá, ẹ̀rọ kékeré náà kò sì mí kanlẹ̀ títí mo fi ṣe àmín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Baba Ìjọ gbọn ọwọ́ mi. “O kú uṣẹ́, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ bébà yẹn, n kò ní sọ ọ́ mọ́.” Ó sì ti sọ ọ́ náà nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ẹ̀rọ ńlá fún Mojísọ́lá, mo sì gba pẹlẹbẹ. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kò ní gbà gbọ́. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá àgbà, ipele kọkànlá lẹ dé?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò sí ẹni tó tíì kọjá ìkeje nínú àwọn ẹgbẹ́ òun.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Iṣu ni a ń fi ọwọ́ wọ̀n. Ẹ̀rọ, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe ni a fi ń yàn án. Ìbéèrè tí ọmọdé sì kọ fún àgbà, ẹ jẹ́ kí àgbà bi í nínú ilé ìtajà, kó tó di pé gbogbo ìjọ yóò bi àgbà náà ní tiwọn. Títí di òní, bí Mojísọ́lá bá wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé, yóò gbé ẹ̀rọ ńlá náà lé tábìlì, yóò kọ́kọ́ ki ṣájà rẹ̀ bọ ojú iná, yóò sì yí i kọjú sí mi. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, títí ìyàwó mi yóò fi ké sí mi láti ilé ìdáná pé, “Bàbá Délé, ẹ rọra máa wakọ̀ o.” Nígbà náà ni ẹ̀rín ara mi yóò pa mí, n ó sì fa àga súnmọ́ tábìlì.