Ernestine Gun Òkè Iléèwé

Ìròyìn kan gba ìlú kékeré kan ní Wisconsin, l'Amẹ́ríkà, lóṣù kẹwàá, pé Tíṣà Ardis Haugen ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin pé ohunkóhun téèyàn bá gbé gun òkè, agbára tí kò ní nísàlẹ̀ á wọ inú rẹ̀. Delbert Tufte, àgbẹ̀ elégédé, gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ìdajì yẹn sì tó láti bu epo sọ́kọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbé elégédé sórí òṣùwọ̀n níbi ìdíje ìlú, Tíṣà jáde sẹ́yìn iléèwé, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù Delbert lórí òkè, ó kẹ̀yìn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Elégédé tó tó màlúù jókòó sínú rẹ̀, okùn ló fi dè é, kúbùsù ìyàwó rẹ̀ ló fi bò ó.

"Delbert, kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ernestine ń gba agbára, Vernon ò sì gbọdọ̀ gbọ́."

"Ta ni Ernestine?"

Delbert ṣí igun kúbùsù bí ẹni ń ṣí ojú ọmọ tuntun.

"Opal ọmọ mi ló sọ ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn. Aago mẹ́fà la ti débí. Mo rò pé á ti kún dé ìdajì."

"Ṣé omi inú korobá ni? Bó ṣe dókè ló ti ní i tán. Bó o fi í síbí di Kérésì, kò ní lé."

"Á jẹ́ pé ó ti yó nìyẹn. Pọ́n-ùn mélòó ni agbára náà?"

"Kò wúwo rárá."

"Agbára tí kò wúwo!" Ojú Delbert fà ro. "Pọ́n-ùn mẹ́ta péré ni elégédé Vernon fi wúwo ju tèmi lọ níbi ìdíje léṣìí. Látìgbà yẹn ló ti ń fi rìbọ́ọ̀nù àmì ẹ̀yẹ tó gbà kọ́rùn gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi kọ́rùn wá síbi ìsìnkú ìyá mi! Ọlọ́run á dárí jì í, èmi ò tíì lè ṣe é. Jálọ́ọ̀nù mílíìkì kan ni Ernestine ń mu lójúmọ́. Opal ń jẹ kọnfiléèkì ní gbígbẹ. Ẹ wá ń sọ pé kò wúwo?"

"Ìwọ náà jókòó ní kíláàsì mi rí, Delbert."

"Mo jókòó lóòótọ́."

"O sùn."

"Mo jókòó sùn ni, Tíṣà."

"Ó dáa, gbọ́. Epo tí ọkọ̀ rẹ jó gun òkè ló di agbára yẹn. Bó o bá rọra wà á sọ̀ kalẹ̀, ó ti lọ nìyẹn."

"Ta ló máa jí i?"

"Bíréèkì. Á di ooru sí i lára."

"Bíréèkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀! Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Delbert! Bó ò bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á di eré. Eré ọ̀hún bá délẹ̀, ó di ariwo."

"Ariwo wúwo bí?"

"Rárá!"

"Ẹ̀kọ́ yín yìí, kò sóhun tó wúwo nínú ẹ̀!" Delbert fò sẹ́yìn ọkọ̀, ó já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. "Ẹ wá fojú ara yín wò ó."

"Má tú okùn yẹn!"

"Ẹ wò ó yíká, kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan kan tó—"

Ernestine ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó mì, ó bọ́ kúbùsù sílẹ̀, ó jáde nínú ọkọ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé sílé. Lẹ́yìn náà ni eré dé. Ó gba àárín pápá bọ́ọ̀lù kọjá, ó dá igi góòlù sí méjì, ó sì lọ fi orí sọ ògiri ilé tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Gbàmù! Ní fèrèsé kíláàsì kẹrin, gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́.

"Òkè, eré, ariwo," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ṣé o rí i báyìí?"

Delbert ṣí fìlà. Ó wo àfọ́kù Ernestine nísàlẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ lè wá sọ fún Vernon báyìí. Ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́, kóun náà gbé tiẹ̀ wá."