Hóró Kan, Ṣingọ́ọ̀mù Méjì

Òwúrọ̀ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní: òwúrọ̀ tí wọ́n ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́ awakọ̀ tírélà ní èbúté Lẹ́kkí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó yanrìn kiri Lakowe, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ tuntun ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹnu mi ti yá jù.

Àníyàn ò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Múfú tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Àjàh fún mi ní hóró kaféènì, èròjà inú obì àti kọfí tó máa ń lé oorun. Mo ti jẹ ẹ̀bà yó, mo wá gbé e mì. Ṣùgbọ́n títí mo fi dé ilé ìwòsàn ní Lẹ́kkí Phase 1, n kò rí àyípadà kankan. Orí bẹ́ǹṣì ni mo sùn sí, nọ́ọ̀sì ló jí mi pé ó ku ẹnì kan kó kàn mí.

Ẹ̀rù bà mí. Awakọ̀ wo ló ń sùn níbi àyẹ̀wò? Mo rántí ṣingọ́ọ̀mù tí Múfú fi kún un, òun náà ní kaféènì nínú. Mo ju méjì sẹ́nu. Ṣebí nǹkan ọmọdé ni.

Kò pẹ́ rárá tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á tán kí nọ́ọ̀sì tó tọ́ka sí i, mo tún ka "Ẹ má tutọ́ síbí" mọ́ ọn. Nígbà tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ẹ̀rọ, ó wojú mi, ó tún un wọ̀n. Ó béèrè ohun tí mo jẹ. Mo ní ẹ̀bà ni. Ó bá lọ pe dókítà, ìyá àgbà kan tí kì í gbé ohùn sókè.

"Bọ̀dá, kí ló wà lẹ́nu yín?"

Mo gbé e mì. Wọ́n ní àwọn máa gba ìtọ̀ mi, bóyá oògùn olóró ni. Ibẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀, tí mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Hóró tẹ́ ẹ gbé mì lé oúnjẹ lórí máa pẹ́ nínú ikùn kó tó dénú ẹ̀jẹ̀," ni dókítà wí. "Tinú ṣingọ́ọ̀mù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti ń wọlé, ìyẹn ò ń pẹ́. Àwọn méjèèjì ló pàdé lára yín yìí."

Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n má mu ju omi lọ. Mo dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kí n dákẹ́. Ìyàwó mi pè, ó béèrè bóyá wọ́n ní ara mi yá. Mo ní wọ́n ní ó yá jù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkàn mi ò balẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ka iye tó rí, tó sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n gbà mí. Ohun tí mo kọ́ ni pé oògùn tí kò tíì ṣiṣẹ́ lè wà lójú ọ̀nà, kí èèyàn má kánjú rán òmíràn tẹ̀ lé e. Bí mo bá rántí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, láàárín ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹ̀wù tí mo lọ̀ dáadáa, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín, ojú á sì máa tì mí.