Sólà Kì í Jẹ Láfún

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìgbó-Ìṣin, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o!

Ohun tó ń dún yìí kì í ṣe agogo. Ìdérí ìkòkò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ní sùúrù, màá débẹ̀. Èmi Láṣùpọ̀ akéde náà ni, Kábíyèsí ló rán mi.

Ẹ rántí ilé ọlọ́ràá tí ẹgbẹ́ alátòmátì kọ́ sẹ́yìn ọjà, tí wọ́n ń gbin tòmátì sínú rẹ̀. Ẹ rántí pé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Ẹnjiníà Wúràọlá gbé sólà tuntun wá sórí rẹ̀. Sólà yìí kì í ṣe onídíńgí. Ó rọ̀ bí ọ̀rá. Ohun kan tó dà bí aró ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Oòrùn ń gbabẹ̀ kọjá lọ bá tòmátì, síbẹ̀ ó ń mú iná tó ń fa omi látinú kànga jáde. Ẹnjiníà ní nínú yàrá tí wọ́n ti ṣe é, ó ṣe bẹbẹ. Ó kù kí wọ́n wò ó níta, nínú oòrùn, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Ìlú wa ni wọ́n ti ń dán an wò. Tó bá yege, ó di tiwa. Tó bá kùnà, wọ́n á ká a lọ, àwọn ìyá alátòmátì á sì padà sídìí omi pípọn lódò. Odò yẹn jìnnà, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ó dáa. Lóṣù àkọ́kọ́, tó bá ti di ọ̀sán gangan, mítà tó ń wọn iná sólà á ka ogójì. Lóṣù kejì, ó di ogún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́kànlá! Mọ́kànlá péré! Tòmátì ń sorí kọ́. Ẹnjiníà ti jókòó kọ̀wé pé sólà yìí ò lè gbé oòrùn ìlú wa. Kó tó fi í ránṣẹ́ ló gbé àkàbà, ó ní kóun fojú ara òun rí i ná.

Kí ló bá lókè? Láfún! Láfún lórí ẹní mẹ́tàdínlógún! Ata ṣọ̀ǹbọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewúrẹ́ kan ń jẹ níbẹ̀. Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́, ó kọrí sáàfin. Gbólóhùn kan ló sọ: "Kábíyèsí, sólà kì í jẹ láfún."

Kábíyèsí bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sá láfún síbẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ni. Ìyá ò tijú rárá. Wọ́n ní àna àwọn ló fagogo kéde pé kò síbi tó ń gba oòrùn tó orí ilé yẹn ní gbogbo Ìgbó-Ìṣin.

Òótọ́ ni. Mo kéde bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kéde nílùú yìí. Mo ní ẹ gbálẹ̀, ẹ ò gbá. Mo ní ẹ so ewúrẹ́, ẹ ò so. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ oòrùn, gbogbo yín gbọ́ràn!

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ. Ẹ gbọ́ o!

Òfin kìn-ín-ní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá nǹkan kan sórí ilé tòmátì mọ́. Ìbáà ṣe láfún. Ìbáà ṣe ata. Ìbáà ṣe ìlédìí ọmọ. Láfún tí a bá bá níbẹ̀, ẹni tó ni ín ni yóò rò ó fún ẹgbẹ́ alátòmátì. Kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò! Kò gbọdọ̀ lá ọmọrogùn!

Òfin kejì. Ewúrẹ́ tó bá gun orí ilé yẹn, ẹni tó ni ín ni yóò lọ mú un. Ọ̀nà tí ewúrẹ́ gbà gòkè ni kó gbà. Kò sí àkàbà!

Òfin kẹta. Alángbá kò gbọdọ̀ ṣu sórí sólà. A mọ̀ pé alángbá ò gbédè. Onílé tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò bá a tọrọ àforíjì láàfin. Lórí ìkúnlẹ̀!

Òfin kẹrin. Ọyẹ́ gbọdọ̀ fi tó Kábíyèsí létí ní ọjọ́ mẹ́ta kó tó kó eruku dé. Àwọn ìjòyè bèèrè ẹni tí yóò lọ jíṣẹ́ fún ọyẹ́. Kábíyèsí ní Láṣùpọ̀ ni.

Òfin karùn-ún, òun ló dùn mí. A gba agogo lọ́wọ́ akéde títí mítà yóò fi padà sí ogójì. Agogo tí bàbá mi lù títí ó fi kú! Ó wà lábẹ́ ìtẹ́ ọba báyìí.

Ẹ ṣeun, ẹ ti kó ẹní yín. Èmi fúnra mi ni mo fi àkísà tútù nu sólà náà. Ìyá ìyàwó mi di àkàbà mú, wọ́n ń júwe ibi tí mi ò nù dáadáa. Lánàá, mítà ka mẹ́rìndínlógójì. Ó ku mẹ́rin!

Mẹ́rin yẹn, mo mọ ibi tó wà. Ẹní kan ṣì kù lórí ilé yẹn. Wọ́n fi àrán pupa gbá a létí. Ilé kan ṣoṣo ló ń fi àrán gbá ẹní létí nílùú yìí, ilé náà ò sì jìnnà síbi tí agogo mi wà. Ẹ má bi mí pé ta ni. Agogo ló máa ń dárúkọ ènìyàn ńlá. Ìdérí ìkòkò ò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kìn-ín-ní ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Àwọn alátòmátì ti fọ ọmọrogùn ńlá kan sílẹ̀. Wọ́n ti wé àrán pupa mọ́ ọn lọ́rùn.

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó ni ẹní, kó lọ ká a kí oòrùn ọ̀la tó yọ. Tó bá dọ̀la tí ẹní ṣì wà níbẹ̀, màá lọ yá ìdérí ìkòkò ìnáwó. Ìyẹn ń dárúkọ.

Ẹnu Kábíyèsí ni mo fi sọ̀rọ̀, ìdérí ìkòkò aya mi ni mo lù. Mo ń lọ dá a padà báyìí. Ọbẹ̀ ti ń hó.