Atọ́ka Tó Ń Júwe Ilé Onílé

Mètírọ́nì ilé ìwòsàn dúró ti Oníkọ̀ǹpútà bí òjò tó ṣú tí kò tíì rọ̀. Àwọn dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́ láti ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá Aláago, ó ku kí wọ́n mọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fáànù inú ẹ̀rọ sì ń hó ṣùùù.

"Kò sí i, mà."

"Kò sí i kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ tó ń hanrun ni."

"Kọ̀ǹpútà ni kò rí i. Atọ́ka ló bàjẹ́."

"Ta ní ń jẹ́ Atọ́ka? Wọ́ọ̀dù wo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Kì í ṣe èèyàn, mà. Bí ẹ bá ń wá aláìsàn nínú ẹ̀rọ, atọ́ka ló ń júwe ibi tó wà. Bàbá wà níbẹ̀. Atọ́ka ló ń júwe ilé onílé."

"Ẹni tí ò mọ̀nà, ta ló ní kó máa júwe?"

Oníkọ̀ǹpútà ṣe atọ́ka tuntun. Ó wá Bàbá Aláago. Aláboyún kan ló jáde.

Ó tún un wá. Ọmọ ọwọ́ ló jáde.

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó lè gbé Bàbá pa mọ́ lè gbé oògùn ẹlòmíì fún un.

"Ẹjọ́ atọ́ka kọ́, mà. Ìbéèrè kan náà ni mo bi í, èsì méjì ló fún mi. Ọpọlọ ẹ̀rọ yìí ni."

Mètírọ́nì gbẹ́sẹ̀ sókè. "Ọ̀pọ̀lọ́ wọ inú ẹ̀rọ?"

"Ọpọlọ, mà! Tinú orí. Ó ń ṣarán."

"Ó láràn? O ò tètè sọ. Ṣé oníhóró ni kí n mú wá ni, àbí olómi?"

"Arán, mà. Bíi ti arúgbó."

"Hẹn-ẹn." Ó jókòó. "Ìyẹn ò lóògùn."

Oníkọ̀ǹpútà pa ẹ̀rọ, ó tú ìdè rẹ̀. Ọpọlọ méjì tó fi ń rántí nǹkan wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ bí òòyà. Ó fa ọ̀kan yọ láti dán èkejì wò, ó tan ẹ̀rọ, ó tún atọ́ka ṣe. Bàbá Aláago jáde. Ó wá a láìlo atọ́ka, ó ń yẹ orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà ni. Ó tún un wá. Bàbá yìí kan náà.

"Pẹnisilíìnì lara rẹ̀ kọ̀, mà."

Mètírọ́nì dìde fùú. Eré ló sá jáde. Nígbà tó padà, ó fi ọwọ́ ti ògiri.

"Òun gan-an ni mo bá nínú abẹ́rẹ́. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn."

Oníkọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, ó ní ọpọlọ méjì, kò mọ èèyàn. Ó wá ku ẹyọ kan, ó ń mọ èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹyọ kan tó pé sàn ju méjì tí ọ̀kan ń ṣi èkejì lọ́nà."

Mètírọ́nì rọra ti ilẹ̀kùn.

"Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Dókítà méjì ló fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀hún."